Mo ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ṣé máṣíìnì ń kọ́ni lọ́gbọ́n lóòótọ́?

Olùkọ́ kan tó ń gbé ní Kuje, lágbègbè Àbújá, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, iṣẹ́ tíṣà ló gbé mi dé ìhín. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni wà lápá Rubochi, ìdí nìyẹn tí mo fi ra alùpùpù Bajaj Boxer lọ́dún tó kọjá. Mo ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àkọ́kọ́, mo rí kòtò láti òkèèrè, mo tẹjú mọ́ ọn kí n má baà já sí i, inú rẹ̀ gan-an ni mo já sí. Ìkejì, ewúrẹ́ sáré gba ojú ọ̀nà kọjá, mo fa bíréèkì iwájú lórí yanrìn, ilẹ̀ ni mo bá ara mi. Ìkẹta, bọ́ọ̀sì tó wà níwájú mi dúró lójijì láti gbé èrò. Ẹ̀gbọ́n mi tó ti ń gun máṣíìnì tipẹ́ ní Kaduna ní kí n má tà á, pé máṣíìnì máa ń kọ́ èèyàn ní sùúrù àti ọgbọ́n ayé. Ìyàwó mi ní kí n tà á kó tó sọ òun di opó. Èmi ò tíì rí ohun tó kọ́ mi ju ẹ̀rù lọ. Ṣé ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, àbí kí n tà á?”

Tíṣà, ẹ kú ewu. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí ìkẹrin. Bí ìbéèrè yín ṣe yé mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ títà nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ ń bi mí bóyá àwọn tó ń gun máṣíìnì láìṣubú ní ohun kan lára tí ẹ̀yin ò ní. Wọn ò ní in. Wọn ò láyà jù yín lọ, ẹ̀rù tó ń bà yín sì ń ba púpọ̀ nínú wọn. Ìṣubú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, orísun kan náà ni wọ́n ní: ohun tó yẹ kí ẹ ti ṣe ṣáájú ni ẹ ń ṣe nígbà tó ti dé bá yín. Ojú yín pẹ́ kó tó kúrò lára kòtò. Ọwọ́ yín pẹ́ kó tó kan bíréèkì, nígbà tó sì kàn án, ó já a gbà. Ní ti bọ́ọ̀sì, ẹ ti sún mọ́ ọn débi pé ọwọ́ tó yá jù láyé kò lè gbà yín mọ́. Ohun tí máṣíìnì ń kọ́ni ni pé ká tètè rí nǹkan, ká tètè pinnu, ká sì fẹ̀sọ̀ ṣe é. Sùúrù tí ẹ̀gbọ́n yín ń sọ, inú ìyẹn ló ti ń jáde.

Ẹ̀gbọ́n yín kò parọ́, àmọ́ mo fẹ́ tún ibì kan ṣe nínú ọ̀rọ̀ wọn. Pípẹ́ lórí máṣíìnì nìkan kì í kọ́ni ní nǹkan kan. Ẹ dúró ní ìkóríta èyíkéyìí ní Gwagwalada, ẹ ó rí mai achaba, ìyẹn ọlọ́kadà, tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ìgbà tí àkọ́bí rẹ̀ ti ń rá, tó sì ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọ́lẹ̀ títí dòní bó bá fẹ́ dúró, tí kì í fọwọ́ kan bíréèkì iwájú rárá. Àṣìṣe kan náà ló ń tún ṣe lójoojúmọ́, orí ló sì ń bá a ṣe é. Ọwọ́ irú wọn ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́ ọ. Wọ́n fi jíà hàn wá, wọ́n fi kílọ́ọ̀ṣì hàn wá, wọ́n tì wá díẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n ní ó ti yé wa. Bí a ṣe ń mú un rìn nìyẹn. Bí a ṣe ń dúró, bí a ṣe ń yà, bí a ṣe ń wo ọ̀nà, kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ wa, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ẹ jẹ́ ká mú ti kòtò, nítorí òun ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù. Ibi tí ojú bá dúró sí ni máṣíìnì ń lọ. Bí ojú bá lẹ̀ mọ́ nǹkan, orí á dojú kọ ọ́, èjìká á tẹ̀lé orí, apá á tẹ̀lé èjìká, apá yẹn ló sì di hándù mú. Ẹ ò mọ̀ rárá pé ẹ̀yin lẹ ń darí rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ẹ̀rù tún wá ń bà á jẹ́ sí i, torí ohun tó ń dẹ́rù bani ni ojú kì í fẹ́ kúrò lára rẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n lórí máṣíìnì, ojú yẹn kan náà ni a fi ń yà. Nítorí náà, bí ẹ bá ti rí kòtò, ẹ rí i lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gbé ojú kúrò lára rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gbé e sórí ilẹ̀ dídán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibi tí ẹ fẹ́ kí táyà gbà. Ojú yẹn kò gbọdọ̀ padà sí kòtò mọ́. Ó máa ń ṣòro ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ lè máa sọ ọ́ síta lẹ́nu, “ibí ni mo gbà”, kí ojú lè gbọ́ràn.

Kí ojú tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti jìnnà síwájú. Lórí eré 40 kìlómítà ní wákàtí kan, máṣíìnì ń jẹ mítà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá ń wo ibi tí ẹ máa dé ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin sí i, bíi mítà 44 nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àyè tó wà láàárín òpó iná méjì létí títì. Ẹ lo òpó iná gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n. Ìgbàkígbà tí ẹ bá ṣàkíyèsí pé táyà iwájú ni ojú yín ń wò, tàbí mítà tó ń sọ eré, ẹ ti sáré ju ohun tí ẹ rí lọ. Ẹ dín iná kù, ìyẹn èyí tí ọwọ́ ọ̀tún ń yí kí máṣíìnì lè sáré, kí ẹ gbé àgbọ̀n sókè.

Ohun kejì tó fà yín sínú kòtò náà wà nínú hándù. Bí eré bá ti kọjá nǹkan bí 20 sí 25 kìlómítà, kì í ṣe yíyí hándù sọ́tùn-ún ló ń mú máṣíìnì yà sọ́tùn-ún. Títì ni. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rọra ti hándù ọ̀tún síwájú, máṣíìnì á fì sọ́tùn-ún, á sì yà sọ́tùn-ún. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sósì, ẹ ti tòsì. Gbogbo ẹni tó ń gun máṣíìnì ló ń ṣe é láìmọ̀, títí tí jìnnìjìnnì á fi bò ó. Nígbà náà ni yóò fipá fa hándù bí ẹni wa mọ́tò, máṣíìnì á sì fì padà sí ibi tó ń sá fún. Ó dà bí irọ́ létí. Ẹ dán an wò lórí ilẹ̀ gbalasa lórí eré 30, kí ẹ kàn fi ọwọ́ kan tì í díẹ̀, ẹ ó rí i. Bí kòtò bá sì wà tí kò sí ibi tí a lè yà sí, ẹ tẹ bíréèkì dáadáa kí ẹ tó dé etí rẹ̀, kí ẹ tú u sílẹ̀ kí táyà iwájú tó wọ inú rẹ̀. Bíréèkì tí a dì mú sínú kòtò máa ń tẹ ṣọ́ọ̀kì iwájú mọ́lẹ̀ pátápátá, kò wá ní àyè tí yóò fi gba ìjìn náà. Ẹ dìde díẹ̀ lórí ìtẹ̀sẹ̀, kí orúnkún tẹ̀, kí ọwọ́ rọ̀, kí ojú ti wà lódì kejì.

Bíréèkì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Lẹ́yìn ìṣubú yín kejì, ó dá mi lójú pé ẹnì kan ti sọ fún yín pé, “Ṣé o rí i? Má fọwọ́ kan bíréèkì iwájú mọ́ láé.” Ìmọ̀ràn yẹn ti ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn léṣe ju bó ṣe gbà wọ́n là lọ. Bí máṣíìnì bá ń dúró lórí títì tó gbẹ, gbogbo ìwúwo rẹ̀ àti tiyín máa ń rọ́ síwájú, táyà iwájú á tẹ ilẹ̀ gírígírí, tẹ̀yìn á fúyẹ́. Nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá agbára ìdúró ló wà níwájú lásìkò náà. Ẹni tó bá fi bíréèkì ẹ̀yìn nìkan dúró, táyà tó ti fúyẹ́ ló ń tẹ̀. Táyà náà á há, á máa yọ̀, ìdí máṣíìnì á máa jù sọ́tùn-ún sósì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí yóò gbà kó tó dúró á gùn sí i. Ohun tó gbé yín ṣubú kò jẹ́ bíréèkì iwájú fúnra rẹ̀. Yanrìn ló kọ́kọ́ ṣe é, jíjá a gbà lẹ́ẹ̀kan náà ló sì parí rẹ̀.

Bí ó ṣe yẹ kó lọ lórí títì rèé. Ẹ dá iná dúró. Ẹ gbé ìka méjì lé bíréèkì iwájú, kí ẹ fà á títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára pé ó ti kan nǹkan, kí ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ní àyè kékeré yẹn, ìwúwo ti ń rọ́ síwájú, táyà ti ń di ilẹ̀ mú. Ìgbà náà ni kí ẹ wá máa fún un, díẹ̀díẹ̀, kó máa le sí i títí tí máṣíìnì fi fẹ́ dúró, kí ẹ sì máa fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ tẹ̀yìn ní fúúyẹ́. Hándù gbọ́dọ̀ tọ́, máṣíìnì gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, kò gbọdọ̀ fì. Kílọ́ọ̀ṣì ni ẹ ó fà gbẹ̀yìn kí ẹ́ńjìnnì má baà kú. Láti ìgbà tí ìka bá ti kan bíréèkì títí tó fi le dáadáa kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Bí táyà iwájú bá há, tí ẹ gbọ́ ọ tó ń han, ẹ tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí ẹ tún un fà pẹ̀lú ọwọ́ tó rọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èyí tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mi ò mọ ibi tí òwe yẹn ti wúlò tó orí bíréèkì.

Ẹ tún mọ iye ọ̀nà tí ìdúró ń jẹ. Ká ní ẹ ń sáré 30, tí bíréèkì dára tí títì sì gbẹ: kí ojú tó rí ewu kí ọwọ́ tó dáhùn, bíi mítà 8 ti lọ, dídúró gan-an á jẹ bíi 6, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 14. Ní eré 60, mítà 17 á lọ kí ọwọ́ tó dáhùn, 23 á lọ kí ó tó dúró, ó di 40. Eré ìlọ́po méjì ni, àmọ́ bíréèkì á jẹ ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yín lè bá yín ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ẹ bá sì gbé ọmọ kan tàbí méjì sẹ́yìn, ó tún gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Yanrìn ní òfin tirẹ̀, ọ̀nà yín sì kún fún un. Ibi tí yanrìn bá wà, bíréèkì iwájú á há táyà, táyà á máa tu ilẹ̀ dípò kó yí, táyà tí kò bá sì yí kò lè darí máṣíìnì. Kí ẹ tó wọ inú rẹ̀ ni kí ẹ ti dín eré kù, kí ẹ ti wà ní jíà kejì. Tí ẹ bá ti wọlé, ẹ sún ìdí sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí iná dúró sójú kan, kí ẹ fi bíréèkì ẹ̀yìn díẹ̀ bá a lò bó bá pọn dandan. Bí ẹ bá dá iná dúró lójijì nínú yanrìn tó jìn, iwájú á rì. Hándù á máa mì lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kó mì. Ẹni tó bá fún un pọ̀ kó má mì ni yanrìn máa ń gbé ṣubú, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rù ti ń pa èèyàn lára jù: ó ń mú ọwọ́ gan. Ní àsìkò ọyẹ́, yanrìn yìí máa ń wà lórí títì pàápàá, ní ìkóríta àti ní ibi tí ọ̀nà eléruku ti já sí títì. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì dé ní nǹkan bí oṣù kẹrin, epo àti eruku tó ti ń kó jọ láti oṣù kọkànlá á pò pọ̀ di ohun tó ń yọ̀ bí ilá. Ẹ dúró níbì kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí òjò fọ̀ ọ́ díẹ̀ ná.

Ti bọ́ọ̀sì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ mú àmì kan létí ọ̀nà, bí òpó tàbí igi. Bí ìdí bọ́ọ̀sì bá ti kọjá rẹ̀, ẹ ka “ọgọ́rùn-ún kan, ọgọ́rùn-ún méjì”, ó jẹ́ bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bí ẹ bá dé ibi àmì náà kí ẹ tó kà á tán, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ kà á dé mẹ́rin. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé iná ẹ̀yìn wọn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti kú. Ẹni tó ń nawọ́ létí títì àti kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó yọrí ni iná ẹ̀yìn tòótọ́. Ẹ má wà láàárín gbùngbùn ọ̀nà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ẹ wà ní ojú ipa táyà òsì rẹ̀, kí dẹ́rẹ́bà lè rí yín nínú díńgí, kí ẹ̀yin náà sì rí ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Ní ti ọgbọ́n ayé tí ẹ̀gbọ́n yín ń wí, ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú wọn jù ni ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà mọ́ ọn: àìlọ. Ó rọrùn láti kọ́ bí a ṣe ń tẹ bíréèkì. Ó le láti wo ojú ọ̀run tó ṣú ní agogo méjì ọ̀sán, kí a sọ pé “mò ń dúró”, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ẹni ti ń gun máṣíìnì wọn lọ. Ó le láti mọ̀ pé inú ń bí mi lónìí, tàbí pé mi ò sùn dáadáa lánàá, kí n sì wọ ọkọ̀ èrò. Ẹni tó bá ti kọ́ bí a ṣe ń sọ ìyẹn láìtijú, yóò bá a lò níbi owó yíyá, níbi ọ̀rọ̀ ìdílé, níbi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ojú: ẹni tó ti mọ̀ lára rẹ̀ pé ohun tí òun tẹjú mọ́ ni òun ń lọ bá, yóò máa ṣọ́ ohun tó ń gbé sọ́kàn. Àmọ́ mi ò ní sọ fún yín pé máṣíìnì ń sọ oníwàǹwára di onísùúrù. Àwọn oníwàǹwára tó ti gùn ún pẹ́ pọ̀ láàárín wa.

Ibi tí ọwọ́ mímọ̀ mọ sí náà wà, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí kò lè dá tírélà tí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ń tòògbé dúró. Kò sí irin kankan láàárín ara yín àti títì. Lálẹ́, iná iwájú Boxer kò tàn jìnnà, ọkọ̀ tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà kì í sì í sábà tan iná kankan. Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ààbò tí gbogbo wa mọ̀, ìyẹn nìkan tó láti má gùn ún lẹ́yìn agogo méje. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan mú akoto, àwọn kan ní Kano dé igbá, wọ́n dé ike ọ̀dà. Akoto ti ọ̀pọ̀ ń dé lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ, torí pé okùn rẹ̀ kì í wà ní dídì. Èyí tó dára máa ń fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ díẹ̀. Bí ẹ bá di okùn rẹ̀ tán, tí ẹ di ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ mú tí ẹ tì í síwájú, kò gbọdọ̀ ṣí kúrò lórí. Bí orí yín bá ti kan ilẹ̀ nínú ọ̀kan nínú ìṣubú mẹ́ta yẹn, ẹ ju akoto yẹn nù, bí kò tilẹ̀ hàn pé ó ṣẹ́.

Ṣé kí ẹ tà á, àbí kí ẹ má tà á? Bí ojú yín kò bá ríran dáadáa, bí òòyì bá ń kọ́ yín, bí ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ bá jẹ́ èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ gbà lóru, ẹ tà á, ọkọ̀ èrò wà, owó rẹ̀ kò tó ẹ̀mí. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, èmi ò ní kí ẹ tà á, ṣùgbọ́n ẹ má gùn ún lọ síbi iṣẹ́ fún oṣù kan. Ní gbogbo Sátidé oṣù náà, ẹ wá títì àdúgbò kan tí ọkọ̀ kì í gbà, ẹ bu yanrìn sínú ìgò omi oníke mẹ́rin kí ẹ tò wọ́n síbẹ̀. Ẹ sáré 20, kí ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò, nígbà mẹ́wàá. Tí táyà kò bá há lẹ́ẹ̀kan, ẹ lọ sí 30, lẹ́yìn náà 40. Ẹ máa gùn ún jẹ́jẹ́ bí ìrìn ẹlẹ́sẹ̀ láàárín àwọn ìgò náà, pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì tí a tú dé ìlàjì àti bíréèkì ẹ̀yìn tí a fẹsẹ̀ lé, kí ojú má ṣe wo ilẹ̀. Ìdajì wákàtí tó, torí ẹni tó ti rẹ̀ kì í kọ́ nǹkan gidi. Kí ìyàwó yín tẹ̀ lé yín lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí wọ́n sọ kì í ṣe èébú, àwọn ni wọ́n ń tọ́jú ojúgun tó bó. Bí oṣù náà bá parí tí ọwọ́ yín ṣì ń gan lórí hándù, a jẹ́ pé kí ẹ tà á láìjanpata.

Kí ẹ tó ṣe Sátidé àkọ́kọ́ rárá, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kí ẹ sì dúró tì í. Máṣíìnì tó ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta kì í sábà tọ́ mọ́. Kí ó wò ó bóyá fọ́ọ̀kì iwájú ti wọ́, bóyá hándù àti táyà iwájú ṣì dọ́gba, kí ó yí táyà wò kó lè rí súpókù tó ti dẹ̀. Ṣéènì kò gbọdọ̀ dẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta lọ ní àárín rẹ̀. Bíréèkì ẹsẹ̀ pẹ̀lú, kí ó rìn tó bẹ́ẹ̀ kó tó mú. Kí fọkanáísà fún táyà iwájú ní atẹ́gùn PSI 25, tẹ̀yìn ní 28, tàbí 32 bí ẹ bá máa gbé èèyàn, kí ó sì jẹ́ pé gééjì ló fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe pé ó fi ẹsẹ̀ gbá a wò. Bí máṣíìnì bá ń fà sápá kan lẹ́yìn tí ẹ ti ṣe gbogbo èyí, ẹ kọ̀wé sí mi padà pé apá ibo ló ń fà sí àti lórí eré wo, nítorí ó lè jẹ́ pé òun náà wà nínú ohun tó gbé yín já sínú kòtò lọ́jọ́ àkọ́kọ́.